Ọmọ Ọdún Ẹlẹ́dẹ̀

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni mo bí àkọ́bí mi ní Hyattsville, nítòsí Washington ní Amẹ́ríkà. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí n bímọ nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí méjì tí èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti oríṣiríṣi egbò kún inú wọn. Títí di òní, n kò mọ bí ó ṣe mú àwọn egbò náà kọjá lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Físà oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Gbogbo wa nínú ilé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ bá dé, Mama á padà sílé, ọmọ á sì kù sọ́wọ́ ẹni tí a kò tíì mọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe nígbà náà, níbi tí ó gba bọ́ọ̀sì méjì láti ilé wa. Aago méje òwúrọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ọkọ mi ń wa tákísì ní Washington, ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó wọlé. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà nítòsí wa, iye tí wọ́n ń gbà kò jẹ́ ká lè dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ló ti fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Wọ́n á yọ fọ́tò ọmọ náà nínú báàgì lẹ́yìn ìrun, wọ́n á ní ó ti ń rìn o. Lórí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ pé ó ń rìn.

Mama kò fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pa mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń bi wá pé kí ló ń dà wá láàmú, ṣé òun kọ́ ni òun tọ́ ọmọ méje dàgbà ni, ẹ jẹ́ kí òun gbé ọmọ lọ, bí ó bá tó ọmọ ọdún márùn-ún kí ó padà wá kàwé. Ọkọ mi á ní, Mama, a ó máa wò ó. Èmi náà á ní a ó máa wò ó. N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í wo ojú ìyá ọkọ kí ó ní rárá, mo sì gba ẹ̀kọ́ náà mọ́ra ju bó ti yẹ lọ.

Ìdílé kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ló ń gbé nísàlẹ̀ wa nínú ilé bíríkì tí a wà: ìyá arúgbó kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọkọ ọmọ náà, àti ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kí a tó mọ ohunkóhun nípa wọn ni Mama ti sọ ìyá náà ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ju kí ó sọ pé ó dára, tàbí pé òtútù ń mú. Gẹ̀ẹ́sì Mama náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi bá ara wọn mu. Yàrá ìfọṣọ ni wọ́n ti pàdé, níbi tí Mama ti dúró ti ẹ̀rọ tí ó ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ̀ rí. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó yẹ ní títẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì á jókòó lórí àga onírin nínú yàrá ìfọṣọ, ọmọ mi á wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, oníkálukú á máa sọ èdè tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí Mama fọkàn balẹ̀. Kò mọ èwo nínú wọn ló ṣàgbà. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe máa kí ènìyàn tí òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n òun ni tàbí àbúrò. Ní ọjọ́ Àìkú kan ó ní kí n lọ bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹranko méjìlá. Ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ẹranko tirẹ̀, wọ́n á sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, títí tí yóò fi pé méjìlá tí yóò tún padà sórí eku. Mo ṣàlàyé fún Mama pé bí ìdílé ọlọ́mọọba ṣe máa ń jẹ oyè ni, ìdílé kan tẹ̀ lé èkejì. Ìyẹn yé e. Ọdún dírágónì ni wọ́n bí Ìyá Ìsàlẹ̀. Mo ní ejò ńlá kan tí ó lẹ́sẹ̀ tí ó sì ń fò ni. Mama bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rí. Mo ní rárá. Ó ní tí kò bá sí, ta ló wá fi jẹ oyè.

Ní ti Mama fúnra rẹ̀, ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ọdún eṣú ni wọ́n bí òun, ọdún tí eṣú jẹ oko bàbá òun tán. Ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ mú bébà, ó kọ àwọn ọdún sílẹ̀ bí mo ti ń ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà àti ìgbà tí Mama wọlé ọkọ. Ó ní ẹṣin ni yóò jẹ́, tàbí àgùntàn, ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, Ìyá Ìsàlẹ̀ fi nǹkan bí ọdún méjì ju Mama lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mama ti ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rù ba Ìyá Ìsàlẹ̀. Ó rò pé orúnkún ló ń dun Mama, ó sì fi ìpara orúnkún ránṣẹ́ sí wa lókè. Mama gba ìpara náà, ó ń fi para, ó sì ń kúnlẹ̀ lọ.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ní ejò ni èmi. Mama ní òun ti fura tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo wá béèrè ẹranko ọmọ mi, ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ wojú mi díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní irú ọmọ tí a bí lọ́dún yìí, oúnjẹ kì í wọ́n ọn láyé. Kò dárúkọ ẹranko kankan. Èmi náà kò sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, nítorí àdúrà ni mo kà á sí, mo sì ti ṣe àmín.

Ìgbà tí ó di oṣù kọkànlá, mo ti bá ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ sọ ọ́ pé bí Mama bá lọ, ṣé ìyá rẹ̀ lè máa bá mi mú ọmọ dání láti àárọ̀ títí n ó fi dé. Ó ní ìyá òun ti ń béèrè ìgbà tí a ó sọ ọ́. Ọkọ mi gbà. Mama kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ó kàn ní ohun tí ojú bá rí, ẹnu á sọ ọ́.

Yìnyín ńlá já lulẹ̀ nínú oṣù kìíní, ó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé wa. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí a kò fi ṣe ju kí a máa wo ojú fèrèsé lọ. Nígbà tí wọ́n kó o kúrò lójú ọ̀nà tán, Ìyá Ìsàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sí òkè lọ́jọ́ kan, òun nìkan, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó mú fìlà kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọmọ mi lọ́wọ́. Aṣọ dúdú ni, ó nípọn, ó fi òwú pupa rán ojú méjì sí i, ó rán etí méjì tí ó rọ̀ sílẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi òwú kún imú rẹ̀ tí ó fi yọ síta róbótó. Ó dé e mọ́ ọmọ lórí, ó bo etí rẹ̀ méjèèjì, ọmọ náà sì sùn lọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ó dára. Mama ní ó dára.

Lẹ́yìn tí ó lọ, a jókòó, a ń wo fìlà náà. Mama ní àgùntàn ni, pé ṣé n kò rí etí rẹ̀ ni. Èmi ní bóyá ajá ni. Ó ní ajá wo ló ní irú imú yìí, àgùntàn ni, ó tiẹ̀ jọ àgbò Iléyá tí bàbá ọkọ mi rà ní ọdún tí wọ́n kọ́ ilé. Àdúgbò tí Mama ti dàgbà ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Èmi ní tèmi, tí mo ti rí i lójú àwòrán àìmọye ìgbà ní Amẹ́ríkà, kò wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí ènìyàn kò rò pé ó lè dé inú ilé òun, bó bá jókòó sórí àga gan-an, kò ní dá a mọ̀.

Àárín oṣù àwẹ̀ ni, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, tí ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé gbogbo wa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mama ló gbé ọmọ. Ó ti wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, ó dé fìlà náà mọ́ ọn, ó sì ń gbé e kiri láàárín àwọn obìnrin bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ níwájú wa. Ó yíjú, ó fi ìka kan imú fìlà náà, ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹlẹ́dẹ̀ yìí mà dára o. Kò sọ ọ́ láti fi bú wa. Ìyá rẹ̀ ja á létí. Mama bi ìyá náà pé kí ni ọmọ rẹ̀ wí, ó ní kò sí nǹkan, Mama. Mama wá yíjú sí mi. Mo wo fìlà náà, ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n inú mọ́ṣáláṣí ni, oṣù àwẹ̀ sì ni. Mo sọ ọ́ fún un ní jẹ́jẹ́.

 Ó ṣí fìlà náà kúrò, ó jù ú sínú báàgì mi láìwò ó, ó tú ìborùn rẹ̀ kan, ó fi wé orí ọmọ. Àwọn obìnrin tó yí wa ká ń wo ibòmíràn. Ojú tì mí débi pé n kò mọ rákà mélòó tí mo kí.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó fi ẹlẹ́dẹ̀ dé ọmọ mi lórí lẹ fẹ́ gbé e fún? Ó parí. Mò ń gbé e lọ." Ọkọ mi ń wo ọ̀nà. Ó ní Mama, òótọ́ lẹ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ó gba fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù ọmọ wálé. Ó fi í sórí tábìlì, n kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ó kọ ọ́ tán, ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

N ó sọ òótọ́ níbí, nítorí mo ti pẹ́ tí mo ń sá fún un. Nígbà tí mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, apá kan nínú mi sinmi. Oṣù mẹ́rin ni n kò ti sùn dọ́gba. Mo fẹ́ padà sí ilé-ìwé láti di nọ́ọ̀sì. Mo ronú pé bí ọmọ bá lọ, n ó sùn, n ó kàwé, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi mi, ẹ̀bi Mama ni yóò jẹ́, tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Apá kejì nínú mi kò lè jẹun.

Mama ní kí n dá fìlà padà. Mo fi falẹ̀ títí tí ó fi ku ọjọ́ kan kí ọdún àwọn ará Ṣáínà wọlé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bébà pupa tuntun ti wà lára òpó rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ ògiri, wọ́n ń fọ abẹ́ ààrò. Ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ohun gbogbo gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀, nítorí bí ọdún bá ti wọlé, a kì í gbálẹ̀ mọ́, kí a má baà gbá oríire dànù, a kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́. Ìyá Ìsàlẹ̀ jókòó ti òkìtì ọsàn kéékèèké kan, ó ń tò wọ́n ní méjì-méjì. Ó rí fìlà lọ́wọ́ mi, ó dìde.

Mo ní fìlà náà ti kéré mọ́ ọmọ lórí. Ọmọ rẹ̀ wò mí. Ó ní ìyá òun rán an tóbi kí ó lè dé e di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá rọra béèrè pé ṣé nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó ní òun ti mọ̀ pé a kò jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí òun kò fi dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo béèrè ẹranko ọdún ọmọ mi, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ìyá òun ń rán nǹkan. Ó yí padà, ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbàkígbà tí Mama bá wé orí, òtútù ni ó rò pé ó ń sá fún, kò mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá.

Nígbà tí ó ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí ó sọ gùn. Ọmọ rẹ̀ ní ìyá òun ní àwọn Mùsùlùmí wà ní ìlú tí òun ti dàgbà, wọ́n ní àdúgbò tiwọn, àwọn ni wọ́n ń pa màlúù tà. Àwọn náà ń ka ẹranko ọdún bíi ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọn kì í fi orúkọ ẹran yìí sẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bá bí lọ́dún rẹ̀, bí a bá bi í léèrè, yóò ní ọdún Dúdú ni wọ́n bí òun. Ó ní kí n má bínú, òun ìbá ti rántí. Ìyá Ìsàlẹ̀ gba fìlà náà lọ́wọ́ mi, ó wo fèrèsé láti mọ ibi tí oòrùn dé, ó sì mú àlùmọ́gàjí. Ó gé imú kúrò, ó tú etí, ó tú ojú pupa kúrò fọ́nrán-fọ́nrán, ó ń yára kí àkókò abẹ́rẹ́ tó kọjá.

Mo ń wò ó, ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ sọ bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ìyá rẹ̀ má ṣe wàhálà, pé ìyá ọkọ mi ń gbé ọmọ náà lọ sí Nàìjíríà, pé yóò di ọmọ ọdún márùn-ún kí ó tó padà.  Ó pẹ́ kí ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ tó túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó túmọ̀ rẹ̀, Ìyá Ìsàlẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró nínú aṣọ, ó wojú ọmọ rẹ̀, kò wojú mi.

Oṣù kan náà ni àwa àtàwọn ń wá lójú ọ̀run lọ́dún yẹn. Ọjọ́ kejì ọdún tiwọn ni ìtúnu àwẹ̀ bọ́ sí. Mama ti se ìrẹsì, ó ti din ẹran màlúù, a ti ti yídì dé, nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ òní ni obìnrin tó wà nílé ọkọ máa ń lọ kí ìyá rẹ̀ níbi tiwọn, ó ní ilé kan náà ni òun àti ìyá òun wà, ni ìyá òun bá ní kí àwọn wá kí ti òkè. Wọ́n gbé ọsàn méjì dání, àti fìlà náà, tí kò ní imú kò ní etí mọ́, fìlà dúdú kan lásán tó mọ́ lóòlóò. Mama wò ó, ó wò wọ́n. Ọjọ́ ọdún ni, a kì í lé àlejò lọ́jọ́ ọdún. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì bu oúnjẹ fún wọn.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọdún Dúdú fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Ó ní, "Àwọn Mùsùlùmí wà lọ́hùn-ún?" Mo ní wọ́n wà. Ó gba fìlà náà, ó fi ọwọ́ yí i wò, ó ní Dúdú dára, pé bàbá tó bí òun náà, Adú ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìsàlẹ̀ gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan fún un bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́. Ó ń sọ lọ.

Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Mama. Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu àwa ìyá méjì kọjá kí ó tó dé etí rẹ̀.

"Ìyá mi ní ọmọ oṣù márùn-ún ni ọmọbìnrin wa nígbà tí wọ́n gbé e wá fún òun. Àwọn òbí rẹ̀ ń kàwé ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó máa dì í mú. Ó ní ọdún márùn-ún lòun fi tọ́ ọ. Ìgbà tí òun mú un wá síbí, ìyá rẹ̀ wá pàdé wọn ní èápọ̀ọ̀tù. Ọmọ náà sá sẹ́yìn òun. Ó ń bi òun pé ta ni obìnrin yẹn, kí ló dé tó ń sunkún." Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Èmi ni obìnrin yẹn."

Mama ní, "Bi í pé, nísinsìnyí ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ń pè mí ní ìyá. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò bá yá, ìyá mi ló ń ké pè."

Ìyá Ìsàlẹ̀ kò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn. Ó ń bó ọsàn, ó yọ okùn funfun ara rẹ̀ kúrò pátápátá, ó sì na ìdajì rẹ̀ sí Mama. Mama gbà á, ó jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ìrìnàjò lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, mo ń fọ ìgò ọmọ nínú ilé ìdáná nígbà tí Mama wọlé tí ó ní kí n jókòó. Ọkọ mi ti jáde. Ó ní, "Ìyàwó mi, láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ṣé o fẹ́ kí n gbé e lọ ni, àbí o ò fẹ́?"

Mo ní, "Mama, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni."

"Mi ò bi ọ́ bí mo ṣe fẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo ní oúnjẹ tó ń bẹ nísàlẹ̀ náà kò dá mi lójú, ìkòkò wọn, ẹran wọn. Ó na ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́. Ó ní, "Ká má ṣe bí ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìràn mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló ń lé mi. Ilé mi ló ṣófo. Ọmọ méje ni mo bí, kò sí ẹyọ kan lára wọn tó ń bi mí láàárọ̀ pé, Mama, kí lẹ jẹ? Mo fẹ́ ọmọ tó máa sùn tì mí. Mo ti sọ tèmi. Sọ tìẹ."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ mi ṣì tutù fún omi. Mo ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó lọ." Bí mo ti sọ ọ́ ni ẹkún gbé mi. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò sọ irú rẹ̀ fún àgbàlagbà kankan rí, n kò sì mọ̀ títí ó fi jáde lẹ́nu mi pé òótọ́ ni, pé ó lágbára ju oorun lọ, ó lágbára ju ìwé kíkà lọ.

Mama jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́. Ká ní o ò sọ ọ́ ni, ǹ bá gbé e lọ, ǹ bá sì máa rò pé mo ṣe ọ́ lóore."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́ pé òun ti yí ọkàn padà. Òun náà ló gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ìyá Ìsàlẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, kí èmi àti ọmọ obìnrin náà bá àwọn túmọ̀. Ó ní ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran tí àwa kì í jẹ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ wọ inú ilé ìdáná lọ, ó gbé ìkòkò kékeré kan jáde tí bébà ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti rà á. N kò mọ ìgbà tí ó rà á, n kò sì bi í. Mama kúnlẹ̀ bó ti máa ń kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nínú oṣù kẹta ni a sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi, ó ń na ọwọ́ sí i. Mama fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Mo ní Mama, ẹ gbé e. Ó ní, "Tí mo bá gbé e, mi ò ní lè gbé e kalẹ̀." Ó ṣàdúrà fún wa, ó yí padà, ó sì ń lọ láìbojú wẹ̀yìn, àpótí rẹ̀ méjèèjì fúyẹ́ ju ti ìgbà tí ó dé lọ.

A ti ṣèlérí pé a ó mú ọmọ náà wá sílé bí ó bá pé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ìwé wa kò tíì pé, bí a bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, a lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọjọ́ Àìkú ni a máa ń pe Mama, a ó gbé fóònù sétí ọmọ, ọmọ á sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Mama á máa dá a lóhùn ní Yorùbá bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló yé e. Ó kú lọ́dún 1999 láàárín oorun, òun nìkan nínú yàrá. Kò tún fojú kan ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn.

N kò kábàámọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ mi di gìrìpá, tí ó ga jù mí lọ, ó bá fọ́tò kan níbi tí mo ti ń tún ilé ṣe, tí obìnrin àgbàlagbà kan gbé e jókòó lórí àga onírin nínú yàrá ìfọṣọ. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo fẹ́ sọ pé ìyá bàbá rẹ ni.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Òun ló fi ọ́ sílẹ̀ fún mi."